Ohùn Tí Kò Bá Olóhùn Lọ sí Kàdúná

Dúró ná, ìwọ tó ń kánjú. Sọ ẹrù rẹ kalẹ̀ kí o fetí sílẹ̀. Òtítọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Odidi ìjọ ló gbọ́ ọ, Ọlọ́run sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní ọdún 1982, nígbà tí Rachel ìyàwó rẹ̀ dìde lórí àìsàn, Theophilus Bọ́dúnrìn ará Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun ni yóò ka ẹ̀kọ́ kejì nínú Bíbélì lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wa. Àfi bí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ṣe fi àpérò gbogboogbò sí ọjọ́ Ìsinmi yẹn gan-an, ní Kàdúná. Wọ́n yàn án ṣe aṣojú. Olóyè Adébóyè, tó ń du ipò alága ẹgbẹ́, tún pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ṣáà ti kín orúkọ mi lẹ́yìn lójú gbogbo wọn. Kọmíṣọ́nà ni ẹ́ nìyẹn."

"Bàbá Olúyọmí," ni Rachel wí, "ẹ̀jẹ́ tẹ́ ẹ jẹ́ lórí mi ńkọ́?"

"Ọlọ́run á rí ẹlòmíràn tó mọ̀wé kà."

Ó lọ.

Gbọ̀ngàn àpérò kún, ó ń hó yèè. Wọ́n dárúkọ Adébóyè. "Ta ló kín in lẹ́yìn?"

Theophilus dìde. Ó la ẹnu.

Kò sí nǹkan kan.

Ọ̀fun kò dùn ún. Ètè ń mì, ahọ́n ń yí, ohùn ni kò sí níbẹ̀. Fáànù òkè nìkan ló ń dún: kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀.

Síkírù, aṣojú láti Ìjẹ̀bú-Igbó, fà á láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ gbàgbé ohùn yín sílé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Theophilus tún la ẹnu. Lójijì, nǹkan kan wọ ọ̀fun rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé. Ohùn rẹ̀ já gaara:

"Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ kejì parí sí."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ló kín Adébóyè lẹ́yìn, ẹni náà ló sì di kọmíṣọ́nà.

Nígbà tí Theophilus délé, ẹnu ọ̀nà ni Rachel dúró sí, tó ń wo ọ̀fun rẹ̀.

"Ta ló ka ẹ̀kọ́ náà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kàdúná ni mo wà!"

"Mo mọ̀. A ò rí yín. Ibi ìwé kíkà ṣófo. Ohùn yín la ṣáà ń gbọ́, títí tó fi ní níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ kejì parí sí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ò kàwé dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí."

Theophilus kò tún bá wọn ṣe òṣèlú mọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ara rẹ̀ ń dán. Gbogbo ìkórè ló ń kàwé fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bó bá ti ka ẹ̀kọ́ tán tó pa ẹnu dé, ohùn náà á tún ka ẹsẹ kan sí i. A máa ń gbọ́. A kì í sọ̀rọ̀.

Ìwọ tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí o sì ti wọkọ̀ gba ọ̀nà ibòmíràn, mo bẹ̀ ọ́: sọ fún dẹ́rẹ́bà kó dúró. Sọ̀ kalẹ̀. Padà sílé.