Tìróò Ojú Rọ̀kíbátù

Òkú Rọ̀kíbátù wà lórí ibùsùn, aṣọ funfun bò ó dé àyà. Inspẹ́kítọ̀ Hasanat bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ fínnífínní. Tìróò tó lé ṣì wà níbẹ̀ rekete, lókè àti nísàlẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Hasanat, òun náà kì í jáde láìlé tìróò.

"Ta ló ti fọwọ́ kan ojú rẹ̀ látìgbà tó ti kú?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà," ni Dókítà Ayọ̀midọ̀tun dáhùn.

Níta, Alhaja Fàlílátù, ìyá ọkọ olóògbé, ń pariwo. "Dókítà yẹn ló pa á! Ó wo ojú ọmọ mi, ó ní kò sí nǹkan kan! Ẹ mú un lọ sí àgọ́!" Ilé ìwòsàn kékeré ni, nítòsí Agric ní Ìkòròdú, kò sì síbi tí ariwo lè sá sí.

Hasanat ní kí dókítà ṣàlàyé.

"Lánàá ni Mubashir, awakọ̀ ojú omi, gbé e wá láti Èbúté Ìkòròdú. Ó ní obìnrin náà ṣubú, ó forí gbálẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe síkáànù ojú fún un. Bí ọpọlọ bá ń wú, iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú máa ń fẹ̀. Iṣan inú àwòrán tí wọ́n gbé fún mi kò fẹ̀ rárá, ni mo bá ní ká máa ṣọ́ ọ níbí. Mi ò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ orí. Ọpọlọ rẹ̀ wú, ó sì kú."

"Ẹ tún un wọ̀n níwájú mi."

Ayọ̀midọ̀tun ṣí àwòrán náà lórí ẹ̀rọ. Ó wọn mílímítà mẹ́ta sẹ́yìn ẹyinjú, ó wá wọn ìbú iṣan níbẹ̀. Mílímítà mẹ́rin. Ó tún un ṣe. Mẹ́rin náà ni.

"Tó bá kọjá márùn-ún ni ẹ̀rù máa ń bà wá. Mà, ṣé ojú mi ló ń tàn mí ni?" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Bí mo bá ṣì í wọ̀n, èmi ni mo pa á. Mi ò ní lè fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé mi."

"Kí ni èérún funfun tó wà níbí yìí?"

"Àbàwọ́n kan ni, níbi tí iṣan ti wọ ẹyinjú. Wọ́n máa ń bí i mọ́ àwọn kan. Kì í ṣeni ní nǹkan kan."

Hasanat ní kí wọ́n pe Mubashir wọlé.

"Báwo ló ṣe ṣubú?"

"Ó yọ̀ ni, mà. Ilẹ̀ ń yọ̀ ní èbúté."

"Ilé ìwòsàn kan wà létí èbúté. Kí ló dé tó o fi gbé ẹni tí kò lè dìde kọjá níwájú rẹ̀, tó o gbé e wá sí Agric?"

"Ibí ni mo mọ̀, mà."

"Ta lo mọ̀ níbí?"

Mubashir tẹjú mọ́lẹ̀.

Ògúnsànyà tó ń ṣe síkáànù ló kàn. Ó ká apá mọ́ àyà, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Aláìsàn á pajú dé. A óò da jẹ́lì sórí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó máa ń pọ̀ díẹ̀, a óò wá gbé orí ẹ̀rọ lé e. Lẹ́yìn náà, a óò fi tíṣù nù ún."

"Ojú méjèèjì?"

"Méjèèjì, mà. Mo nù ún tónítóní."

"Ẹ fún mi ní jẹ́lì náà."

Hasanat da díẹ̀ sórí ìpéǹpéjú ara rẹ̀, ó sì fi tíṣù nù ún. Tíṣù náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Tìróò rẹ̀ ti ràn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ wá wo ti Rọ̀kíbátù."

Apá Ògúnsànyà tú sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín kò kan ojú obìnrin yìí rárá. Ojú ta ló wà nínú àwòrán? Dókítà, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yìí dùbúlẹ̀."

Ayọ̀midọ̀tun gbé orí ẹ̀rọ lé ojú Ògúnsànyà. Èérún funfun náà yọ, níbi tó wà gẹ́lẹ́ nínú àwòrán.

"Ojú mi ni," ni ọkùnrin náà wí. Ó bú sẹ́kún. "Àbúrò mi ni Mubashir, ìyá kan náà ló bí wa. Ó sáré wọ èbúté, imú ọkọ̀ rẹ̀ ló gbá obìnrin náà lórí. Mo rò pé bí ẹ̀rọ bá ní kò sí nǹkan kan, wọ́n á fún un lóògùn, á máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa pe ọlọ́pàá. Mi ò mọ̀ pé á kú!"

"Ká ní ojú rẹ̀ lẹ wọ̀n ni, bóyá ì bá yè," ni Hasanat wí. Inú ń bí i, kò sì fi pamọ́. "Àbúrò yín ì bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alààyè. Ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí i ló sọ ọ́ di apààyàn."

Ọlọ́pàá kó tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ. Alhaja Fàlílátù wọlé, kò pariwo mọ́. Ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí.

"Èmi ni mo bá a lé tìróò yìí láàárọ̀ àná, kó tó wọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́," ló wí. Ó yíjú sí Ayọ̀midọ̀tun, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dókítà, ọmọ mi, bá mi bu omi wá. Ká jọ nù ún."