Ògiri Tí Kò Gbẹ

Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni Ọdúnayọ̀ ń fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ nínú ìsọ̀ ọjà Ìkọ̀lé nígbà tí Olúmúyìwá kọ́kọ́ rí i, láàárọ̀ ọyẹ́ kan lọ́dún 2003. Inú ìsọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń sùn. Ojú ti Múyìwá débi pé ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi pé yàrá oníyàrá ló já wọ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ yíjú," ọmọbìnrin náà wí. "A ò kúkú ní ilẹ̀kùn tí ẹ̀ bá kàn."

Bíríkìlà ni Múyìwá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kó kọ́ yàrá mẹ́fà fún àwọn tí kò nílé, kí nọ́ọ̀sì sì máa wá tọ́jú wọn níbẹ̀. Ó sọ fún wọn pé yàrá kan ti di tiwọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kì í gba ọjà kọjá. Ọdúnayọ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ìdí ìsọ̀ yìí ni ọ̀nà ibiṣẹ́ gbà ni. Òun náà a ní ọ̀nà ló wọ́, òun kò mọ ẹni tó wọ́ ọ. Ìfẹ́ wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹ má bi mí bó ṣe wọlé níbi tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ìyá lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú ní Ìtapàjí ni àwọn ẹbí ọkọ ti lé e jáde, wọ́n ní òun ló pa á. Àìsàn sì ti wọ̀ ọ́ lára báyìí. A máa di ọwọ́ Múyìwá mú pé, "Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ n kú sọ́jà. Ulé ni wọ́n ń sin èèyàn sí." Ulé ni wọ́n ń pe ilé ní Ìtapàjí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba iṣẹ́ jẹ́. Owó ṣọ́ọ̀ṣì kò ká sìmẹ́ǹtì, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọlé, bẹ́ẹ̀ ògiri amọ̀ rèé, tí wọ́n bá mọ ìpele kan, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Múyìwá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìkánjú ìfẹ́ kò jẹ́ kó dúró. Ó gbé tútù lé tútù. Òjò àkọ́rọ̀ dé, ògiri wó lulẹ̀. Kí wọ́n tó po amọ̀ mìíràn, ìyá ti kú sínú ìsọ̀.

Ọdúnayọ̀ kò bá a jà. Ó kàn ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Múyìwá," ó sì kẹ̀yìn sí i. Ìyẹn dun Múyìwá ju èébú lọ.

Ìtapàjí kọ̀, wọn kò gba òkú. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà kò gbà kí wọ́n sin ín sẹ́yìn yàrá tuntun, wọ́n ní ọmọ olóòkú lè padà wá fi sàréè gba ilẹ̀. Ni Múyìwá bá forí lé Ùsì, ìlú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, Oyèbánjí, ó tọrọ àyè lẹ́yìnkùlé wọn. Bàbá ní ará ilé àti àna nìkan ni wọ́n ń sin síbẹ̀. Ó béèrè bóyá ọmọbìnrin náà ti gbà láti fẹ́ ẹ.

"Rárá, Bàbá. Kò tilẹ̀ fẹ́ rí mi sójú. Mi ò sì ní fi òkú ìyá rẹ̀ tọrọ rẹ̀."

Bàbá ní kó dìde nílẹ̀. "Àna mi ni. Bí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọ, bí kò fẹ́ ọ."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ sọ gbogbo ohun tí òun àti Múyìwá jọ sọ fún Ọdúnayọ̀. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá Múyìwá ni wọ́n sin òkú náà sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọdúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi fún àwọn tó ń po amọ̀. Tí Múyìwá bá ti fẹ́ gbé ìpele lé ògiri, a fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, a ní kò tíì gbẹ. Múyìwá a sì sọ amọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ilé parí, wọ́n fún Ọdúnayọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tiwọn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo ibi tí ibùsùn ìyá rẹ̀ ì bá wà, ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi kọ́kọ́rọ́ lé opó kan lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lọ́jà.

Múyìwá bi í pé ibo ló wá fẹ́ máa gbé.

Ọdúnayọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ tí amọ̀ ti gbẹ mọ́ mú.

"Ulé tí ìyá mi wà ni kí ẹ mú mi lọ."