Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ìpè Ẹlẹ́rìn-ín

Ṣé ẹ ti jẹ́ ìpè fún ẹlòmíràn rí? Àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn. Ìkìlọ̀ náà dára. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Ìyá Kíláàsì pé ewu wà nínú kéèyàn máa dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yíwọ́, olùkọ́ ìṣirò ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe máa ń ṣe, kò gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ó kan Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá Kíláàsì tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó fẹ́ fi ohùn tín-ín-rín tó máa ń lò dáhùn. Kó tó la ẹnu, ẹnì kan ti dáhùn láti ìlà ẹ̀yìn pátápátá.

"Mo wà níbí, sà."

Kì í ṣe ohùn Ẹlẹ́rìn-ín o. Ohùn tí Ìyá Kíláàsì ń fi ọ̀fun ara rẹ̀ ṣe ni, tòun ti ikọ́ kékeré tó máa ń fi parí rẹ̀. Ẹ̀rín rọra tẹ̀ lé e. Ìyá Kíláàsì bojú wẹ̀yìn, àmọ́ orí pọ̀ lẹ́yìn, kò mọ ta ló sọ̀rọ̀.

Yàrá kan náà ni òun àti Ẹlẹ́rìn-ín ń gbé ní yunifásítì. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Kíláàsì torí pé kò lè rí ẹrù lórí èèyàn kó má nawọ́ sí i. Ní ti Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ìgbà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ni oorun kọ́kọ́ dá lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, kò dìde mọ́. Ó kọjú sí ògiri.

"Jẹ́ kí n pe mọ́mì ẹ," Ìyá Kíláàsì sọ nígbà náà.

"Má pè wọ́n. Ìdí maṣín-ìn ìránṣọ ni wọ́n ti sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé kí wọ́n wá gbọ́ pé dídìde lásán ti di iṣẹ́ fún mi? Ṣáà máa bá mi dáhùn ní kíláàsì."

Ìyá Kíláàsì bá fi ohùn náà dánra wò níwájú rẹ̀.

"Ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ó dà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa."

Ètè Ẹlẹ́rìn-ín mì díẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, wọn ò kà á sí nǹkan kan. Ìyá Kíláàsì rò pé ìrànlọ́wọ́ ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń bá jẹ́ ìpè lójoojúmọ́, ta ló máa wá a lọ?

Lẹ́yìn tí ohùn yẹn dáhùn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí Ẹlẹ́rìn-ín káàkiri. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Bọ́ọ̀lù pàdé Ìyá Kíláàsì lórí àtẹ̀gùn.

"Ara ọ̀rẹ́ ẹ ti yá o. Ó kí mi lẹ́ẹ̀kan."

"Níbo lo ti rí i?"

"Níbi tí ẹ jọ máa ń jókòó ni. Àbí ẹ ti ń bára yín jà ni?"

Ìyá Kíláàsì lọ bá obìnrin olùdámọ̀ràn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ ẹdùn ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó wá síbí. Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Ì bá dára kí gbogbo yín rí bíi tiẹ̀."

Nínú yàrá, aṣọ ìbora tẹ́ pẹrẹsẹ lórí Ẹlẹ́rìn-ín bí ẹni pé orí pákó ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ìyá tó ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé wá yẹ yàrá wò. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na aṣọ náà gẹ́lẹ́ níbi tí àyà ọmọ náà wà.

"Ọ̀rẹ́ ẹ mọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́," ó sọ, ó sì jáde.

Ẹlẹ́rìn-ín ń wo òkè àjà. Omi ojú rẹ̀ ń ṣàn lọ sí etí, ìrọ̀rí ò sì tutù.

"Wọn ò rí mi mọ́," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀rẹ́, sọ fún mọ́mì mi. Sọ fún wọn pé èmi kọ́ ló ń rìn kiri."

"Màá sọ. Mo ṣèlérí."

Ó pe ìyá Ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó gbọ́ ìró maṣín-ìn lábẹ́ ohùn ìyá aránṣọ náà.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lẹ wà? Ọ̀rẹ́ ẹ náà pè mí láàárọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo fi ń ránṣọ láti àárọ̀."

Ìyá Kíláàsì rò ó wò. Bó bá sọ ọ́, yóò sọ ẹni tó kọ́kọ́ ń dáhùn, olùkọ́ sì ti ní ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ilé ló ń lọ. "Mo kàn ní kí n kí yín ni, mà," ó sọ, ó sì pa fóònù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ìbẹ̀rù tiwa sin ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó di ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín mú, ó dà bí ẹni di ọwọ́ aṣọ tí kò sí apá nínú rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù mìíràn borí ẹ̀rù ti àkọ́kọ́.

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe orúkọ náà. Ohùn náà dáhùn. Ìyá Kíláàsì dìde.

"Sà, òun kọ́ ló dáhùn yẹn. Ẹlẹ́rìn-ín ò wá. Ó ti pẹ́ tí kò ti wá. Èmi ni mo ń fi ohùn mi dáhùn fún un. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò lè dìde."

Olùkọ́ gbé orí sókè. Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn. Àga òfìfo kan wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ti ń sún fún ẹnì kan láti àárọ̀. Wọ́n gbọ́ ikọ́ kékeré kan lórí àga náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí fúnra rẹ̀, ẹ̀rín sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí etí ò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Ọ̀rọ̀ tèmi tìẹ ń bọ̀ lẹ́yìn," olùkọ́ sọ fún un pẹ̀lẹ́. "Mú wa lọ síbi tó wà."

Wọ́n mú olùdámọ̀ràn dání. Bí obìnrin náà ṣe wọ yàrá báyìí, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì sì dún lábẹ́ àwọn méjèèjì.

"Ọmọ mi, mo rí ẹ," ó ní. "Màá jókòó tì ẹ́." Ìrọ̀rí ti tutù rinrin.

Ìyá Kíláàsì mú fóònù. Aránṣọ náà gbé e, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Mi ò lè sọ̀rọ̀ sókè. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ara mi ń bù máṣọ?"

"Ẹ má bojú wẹ̀yìn, mà," Ìyá Kíláàsì dáhùn. "Ọmọ yín kọ́ nìyẹn. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ọkàn rẹ̀ ò yá, ó ti pẹ́, ó sì ní kí n sọ fún yín."

Ìró maṣín-ìn dákẹ́. Ìyá Kíláàsì gbé fóònù náà sí Ẹlẹ́rìn-ín létí, kí ìyá lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ gan-an.