Olè Tó Tọ́jú Ojú Ọgbẹ́

"Páànù dídípẹtà lásán ni wọ́n jí?" Ìnsípẹ́kítọ̀ Torunn Myklebust ò fẹ́ gba etí ẹ̀ gbọ́.

"Páànù ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ni," Jostein Aarvik dáhùn tìbínú-tìbínú. "Òun ni mo fẹ́ fi wọn tuntun kí n tó jù ú nù. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tún ọkọ̀ tí bàbá mi fi ń kó igi ṣe. Olè yẹn máa fẹ̀wọ̀n jura!"

Torunn yọjú wo inú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ náà. Gbogbo irinṣẹ́ olówó ńlá ló wà níbẹ̀. Olè náà ò gé páànù jálajàla. Ńṣe ló lu ihò sójú ibi tí wọ́n ti jó o mọ́ ara ọkọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi yọ ọ́ lódindi. Ó ti kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin dábùú ẹ̀yìn ìjókòó, láti òpó ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Nígbà tó ṣe tán, ó tún fi ọ̀dà kun etí irin tó ṣẹ́ kù kó má baà dípẹtà. Torunn mirí. Olè wo ló ń tọ́jú ojú ọgbẹ́?

Ó kọ́kọ́ lọ bá Halvard Tveit, aládùúgbò tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, tó ti bẹ Jostein títí pé kó ta ọkọ̀ náà fóun.

"Èmi kẹ̀?" Halvard bú sẹ́rìn-ín. "Bí èèyàn á bá jẹ ọ̀pọ̀lọ́, ṣebí èyí tó lẹ́yin ló yẹ kó jẹ. Ẹ́ńjìnnì ni ǹ bá gbé!"

Lẹ́yìn náà ló lọ sọ́dọ̀ Borghild, ẹ̀gbọ́n Jostein obìnrin, tó ń se oúnjẹ nílé àwọn arúgbó.

"Mà, wọ́n jalè nínú ọkọ̀ bàbá yín."

Ife kọfí dúró lọ́wọ́ Borghild. "Áà! Ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì ń pa dáadáa?"

"Ṣé ẹ mọ irin jó ni?"

"Ọbẹ̀ ẹja ni mo mọ̀ ọ́n sè o, ọmọ mi." Ẹnu ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Torunn pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò síwájú ọkọ̀.

"Tí wọ́n bá yọ páànù ẹ̀yìn láìfi ọ̀pá dábùú, orí ọkọ̀ á wọ́, ilẹ̀kùn ò sì ní pa mọ́. Olè tó ń bẹ̀rù ìyẹn fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Mà, mo ní wọ́n jalè, mi ò sọ ohun tí wọ́n jí. Ilẹ̀kùn lẹ béèrè."

"Ẹ̀gbọ́n mi?" Jostein pariwo. "Ta ló kọ́ wọn níṣẹ́ irin?"

"Bàbá ni," Borghild fèsì. "Mo tọrọ páànù yẹn lọ́wọ́ ẹ, o ní kí n má da iṣẹ́ rú. Mo wá yọ ọ́ nígbà tí o lọ pẹja ní Sátidé."

Ó gbé e jáde látinú mọ́tò ẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Ó ti ha ọ̀dà ojú ẹ̀ kúrò. Bàbá ti fi ìṣó fa ìlà sí i, ìlà kan lórí èkejì, láti fi wọn bí Borghild ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún tó ń bá a lọ kó igi.

"Nígbà tí Bàbá kú, o gba ọkọ̀, mi ò janpata. Èyí nìkan ni mo fẹ́. Àárò wọn ń sọ mí, Jostein."

Jostein fìka tọ àwọn ìlà náà dókè. Tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bàbá ò gbé e sínú ọkọ̀ yìí rí, àyè tirẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá ló sì ti ń wá nínú ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

"Mi ò fẹjọ́ sùn mọ́," ó sọ fún Torunn. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ṣé Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ mi, tí ẹ bá wà lọ́nà?"

Borghild ì bá ti purọ́. "Wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n máa ń súfèé."

"Bàbá? Súfèé? Mi ò gbọ́ ọ rí."

Borghild ṣílẹ̀kùn, ó jókòó síbi ìjókòó awakọ̀, ó wá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń jókòó. Gòkè."

Jostein gòkè, Borghild sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.