Owó Bàbà tí Lambert Rẹ Sínú Ọtí Kíkan

Lambert Wessling gbọ́n lójú ara rẹ̀. Iṣẹ́ owó bàbà ló ń ṣe fún àwọn àlùfáà tó ń jọba ní ìlú Münster, nílẹ̀ Jámánì. Òun ló ń fi òòlù lu àwòrán Pọ́ọ̀lù mímọ́ tòun ti idà rẹ̀ sára owó. Tí wọ́n bá ní kó wá gbàdúrà, á bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń rí Pọ́ọ̀lù. Kí ló tún fẹ́ bá mi sọ?"

Àfi bí ibà ṣe dá Elske dúbúlẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Lambert rẹ owó bàbà tuntun sínú ọtí kíkan títí ọtí náà fi di aláwọ̀ ewé, torí wọ́n gbà ládùúgbò pé agbára ẹni mímọ́ á jáde sínú rẹ̀. Ó fún ọmọ mu.

Háà! Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ká kò, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Lambert tún bu òmíràn. Ó rò pé ti àkọ́kọ́ ló kéré.

Ibẹ̀ ni Jost, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbẹ́ àwòrán owó, wọlé bá a. Ó já ife gbà, ó dà á nù.

"Lambert, ṣé orí ẹ pé? Níbi iṣẹ́, ṣé o máa ń fi ọwọ́ tó kan omi aláwọ̀ ewé yìí jẹun? Májèlé ni!"

"Pọ́ọ̀lù mímọ́ ló wà nínú ẹ̀!"

"Pọ́ọ̀lù wo? Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, imú ẹ̀ gan-an wọ́! Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni kí Jésù tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tó gba Pọ́ọ̀lù là ni kó o ké pè."

Jost sáré lọ wá wàrà, ó ń fi ṣíbí ro ó sí ọmọ lẹ́nu. Lambert wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

"Jésù, mo gbé! Ọwọ́ mi ni mo fi ń pa ọmọ mi. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi bẹ̀ Ọ́. Dárí jì mí, gbà mí!" Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Elske tó lajú. "Bàbá, mi ò mu omi aláwọ̀ ewé yẹn mọ́ o."

"Kò sí mọ́, ọmọ mi," ni Lambert wí. "Bàbá ẹ náà ò ní gbójú lé e mọ́."

Ìwọ tó ń kàwé yìí ńkọ́? Kí ló wà nínú ife tìrẹ? Bóyá orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ lo gbójú lé, tàbí ohun tó o fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ń pa ọ́, o tún ń bu sí i. Má sọ pé ó dọ̀la. Ká ní Jost dúró dọ̀la ni, òkú Elske ni ì bá bá. Da ife náà nù báyìí, kó o ké pe Jésù.