Ẹ̀gbà Fàdákà Tí Wọ́n Dá Padà

Ìyàngbò ìrẹsì bo irun Mintarsih lọ́jọ́ tí Birkhang kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ àjọ̀dún ìkórè ni, gbogbo ìlú wa, Cigugur, ń gún ìrẹsì, ariwo ọmọ odó sì gba ìsàlẹ̀ òkè Ciremai kan. Ọmọbìnrin náà gbé ọmọ odó sókè, ó rí àlejò tó dúró gbagidi níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí n gún yín mọ́ ìrẹsì ni?"

Birkhang sún sẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀yà Bodo ni, láti Kokrajhar ní ilẹ̀ Íńdíà, ó wá fi èdè wọn wé èdè àwa ará Sunda. Ọ̀mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n tó bá kan obìnrin, ojo ni, mi ò ní parọ́ fún yín.

"Kí lẹ ń pe èyí?" Ó tọ́ka sínú odó.

"Pare ni. Tá a bá gún un tán, ó di beas. Tó bá jinná, ó di sangu."

Inú Birkhang dùn. "Orúkọ mẹ́ta lòun náà ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa! Mai, mairong, wngkham."

"Wọn ò kúkú jọra."

"Wọn ò jọra. Ebi kan náà ló sáà kọ́ wa."

"Ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ o," ni Mintarsih wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyàngbò kúrò lórí.

Látọjọ́ náà ni Birkhang ti di ará ilé wọn. Ó ń bá Ambu, ìyá Mintarsih, já ewébẹ̀. Ó ń jókòó ti Abah Wiharta, baba rẹ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá nídìí. Ẹ̀sìn àwọn baba ńlá ni ilé méjèèjì ń sìn, ìyẹn ò dá ìjà sílẹ̀. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Abah ló ń ba Birkhang lẹ́rù. Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá yìí bí, ta ni yóò sì jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọdá òkun tẹ̀lé àlejò?

Àsìkò tí ìjọba fún Birkhang láti gbé lọ́dọ̀ wa ti ń tán lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rọra fi ẹ̀gbà fàdákà méjì tí ìyá rẹ̀ fún un sílẹ̀ lẹ́bàá àtẹ tí Ambu fi ń fẹ́ ìrẹsì. Bí àwọn Bodo ṣe ń tọrọ ìyàwó nìyẹn. Bí ará ilé ọmọbìnrin bá dá ẹ̀gbà náà dúró, wọ́n gbà. Bí wọ́n bá dá a padà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Abah fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀gbà náà wá bá Birkhang nílé tó háyà. Ambu ti fi eérú dán an, ó ti fi aṣọ mímọ́ wé e, ó tún fi ìpápánu lé e.

"Ọmọ mi, o gbàgbé nǹkan sílé wa."

Birkhang fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé, Abah," ni gbogbo ohun tó lè sọ. Kò dé ilé wọn mọ́.

Ẹ̀rù wá di ti Mintarsih. Ṣé ó ti níyàwó nílé ni? Àbí òun ló ṣẹ̀ ẹ́? Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, ó gba ilé tí Birkhang háyà lọ, ó sì bá a níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ sá lọ?"

"Bàbá ẹ ti dá mi lóhùn, olólùfẹ́ mi."

"Ìgbà wo lẹ bi wọ́n ní nǹkan?"

"Ẹ̀gbà ìyá mi. Wọ́n dá a padà." Ó wá ṣàlàyé fún un.

Mintarsih fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín àti ẹkún jọ dé. "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá mú nǹkan àlejò pamọ́, olè ni! Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Ambu sùn, wọ́n ní ẹ máa rò pé àwọn jí i. Àwa, tá a bá ń tọrọ ìyàwó, ọ̀rọ̀ la máa ń fi sílẹ̀. Ẹ máa wá sọ ọ́ lẹ́nu ni."

"Lẹ́nu? Níwájú Abah?"

"Àbí kí n kúkú gún yín ni?"

Níwájú Abah, gbogbo èdè Sunda tí Birkhang kọ́ fò lọ lórí rẹ̀. Ó gbé ẹ̀gbà kalẹ̀. "Abah, mi ò gbàgbé é. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Mintarsih ni mo wá tọrọ."

Abah mú ẹ̀gbà kan, ó yí i wò. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Mintarsih di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni bàbá náà wí níkẹyìn. "Tọ́mọ mi bá ń sunkún lọ́hùn-ún, tó ń fi èdè wa sunkún, ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Èmi ni, Abah. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, màá béèrè."

Abah ò rẹ́rìn-ín. "Fi ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀. Fi ẹ̀gbà náà tì í. A ó rò ó."

Láràárọ̀, Birkhang á dúró lójú fèrèsé, á máa wo ọ̀nà, ẹ̀rù á máa bà á pé òun á rí aṣọ mímọ́ yẹn lọ́wọ́ Abah. Ó wá di ọjọ́ kan, Abah yọ lóòótọ́, Mintarsih ń tẹ̀lé e. Birkhang jáde lọ pàdé wọn, torí kò lè fara da dídúró mọ́.

Abah tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Ọwọ́ òfo ni mo fi wá."

Birkhang jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì ń fi èdè ìyá rẹ̀ wí nǹkan. Mintarsih kúnlẹ̀ tì í, ẹ̀gbà méjèèjì ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń nu ojú Birkhang.

"Kí lẹ ń sọ nínú ẹkún yẹn, ọkọ mi? Mi ò gbọ́ ọ. Ẹ kọ́ mi."