Agolo Ṣọ́ọ̀kì Ẹnu Ọ̀nà

Tíṣà kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní Àrá. Bó bá pariwo "Ẹ jókòó!" ní kíláàsì, ewúrẹ́ òpópónà kejì á jókòó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àrá lanu, ohùn tó jáde kò tó ti ọmọ ológbò tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwé tó ń kó relé lọ máàkì ga débi pé ọkọ rẹ̀ á na ọrùn bí àgùnfọn kó tó rí ojú rẹ̀. Ó ti pinnu láti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun kan tún ń dà á láàmú. Bí agogo ìsinmi bá ti lù, àwọn tíṣà yòókù á forí lé yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Agolo kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Oníkálukú á ju ṣọ́ọ̀kì sí i, wọn á tilẹ̀kùn, ẹ̀rín á sì bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe?" Àrá bi ara rẹ̀. Ṣebí báyìí làwọn ọmọ ṣe ń dìbò yan olórí kíláàsì níléèwé wọn! "Yéè! Wọ́n ń dìbò láti lé mi!"

Ó yọ́ lọ, ó gbé etí lé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó ti gbó ṣí gbayawu, Àrá sì yí gbirigbiri wọlé bí àpò sìmẹ́ńtì.

Bàbá Bọ́ọ̀lù, tíṣà eré ìdárayá, ti bọ́ bàtà. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lè jí òkú. Àǹtí Máàpù, àgbà gbogbo wọn, gbẹ́sẹ̀ lé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ wo Àrá o! Ṣé ojú ọ̀run ló ya ni?" Bàbá Bọ́ọ̀lù ní.

"Ẹ ti dìbò tán?" Àrá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìbò ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fẹ́ lé mi."

Ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé.

"Àbúrò mi, jókòó ná," Àǹtí Máàpù ní. "Ìta là ń fi ṣọ́ọ̀kì sí, torí tíṣà kì í wọbí. Èèyàn nìkan ló ń wọlé. A kì í máàkì níbí. A ń sinmi. Ẹni tí nǹkan bá ń wúwo fún á sọ ọ́, ẹlòmíì á bá a gbé díẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

"A ò pè ọ́ kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo máa ń ní, 'Mo ń máàkì lọ́wọ́'!"

Omi lé ròrò sójú Àrá. "Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Bọ́ọ̀lù wọ bàtà rẹ̀ padà, gbogbo wọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Èmi ni mo ni kíláàsì rẹ lẹ́yìn ìsinmi," ó ní. "Mò ń kó wọn lọ pápá."

"A ó jọ pín ìwé yẹn máàkì," Àǹtí Máàpù fi kún un. "Lọ́la, lọ rí dókítà nítorí ohùn yẹn. A ó bójú tó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ."

Àrá jáde, ó yọ ṣọ́ọ̀kì kékeré kan lápò, ó jù ú sínú agolo: kọ̀ọ́! Ó padà wọlé, ó bọ́ bàtà, oorun gbé e lọ. Ó hanrun débi pé ewúrẹ́ òpópónà kejì sá wọlé, ó rò pé òjò ń bọ̀.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má dá ẹrù rù. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ wá igun kan tẹ́ ẹ ti lè mí. Bí ohùn bá há tí kò là, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, ẹ fún wọn ní yàrá, àní bó ṣe ti àga tó kán. Ẹ má sì gbé etí lé ilẹ̀kùn o. Ẹ kàn án, wọn á ṣí i.